Kí Ni Àgbá Yìí Ti Gbà Rí?

Àwọn bàbá wa ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí. Ṣùgbọ́n ta ló ti jókòó rò ó wò rí pé kí ni ẹṣin fúnra rẹ̀ ń jẹ, àti pé inú kí ni wọ́n ń kó oúnjẹ náà sí kí òjò, èkúté àti kòkòrò má baà bà á jẹ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ọmọ ogun padà sílé rí. Ó ti pa ẹṣin lọ bẹẹrẹ nílẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ àgbá sì ti kó ìlú kan sí wàhálà nílẹ̀ Nàìjíríà wa níbí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní rò pé ọ̀rọ̀ ẹṣin lè dé. Àgbóyì, lágbègbè Kétu l'Ékòó, níbi tí Odò Ògùn ti ń lọ bá ọ̀sà, ìlú olómi ni. Ọkọ̀ ojú omi ni ẹṣin tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbé etí omi mọ ohun kan ju ẹlẹ́ṣin lọ: ó mọ bí ọ̀rinrin ṣe ń ba nǹkan jẹ́. Iyọ̀ á yọ́, gàrí á dì, àgbàdo á bu. Ibẹ̀ ò sì jìnnà sí Máìlì 12, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń já oúnjẹ òkè ọya sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: oúnjẹ ilẹ̀ gbígbẹ rèé, ilẹ̀ olómi rèé, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ìṣòro ẹni tó bá ń sin ẹṣin l'Ékòó nìyẹn gẹ́lẹ́, ì báà jẹ́ ti àwọn tó ń gbé èèyàn gun ẹṣin létí òkun, ì báà jẹ́ ti ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin, ì báà jẹ́ ti eléré pólò. Ọkà tó ti ọ̀nà jíjìn wá, inú kí ni yóò kó o sí, tí owó rẹ̀ ò ní ju agbára rẹ̀ lọ?

Ọ̀YỌ́ ÀTI EBI ẸṢIN

Ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé ẹṣin wà lára ohun tó gbé Ọ̀yọ́ ga. Ìtàn sọ pé láyé Aláàfin Orómpọ̀tọ̀ ni ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti gbérí. Oyè kan tilẹ̀ wà láàfin tó ń jẹ́ Olókùn-ẹṣin, kì í sì í ṣe oyè yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí wọ́n ń bí nílé kò tó lò. Láti ilẹ̀ Haúsá, Tápà àti Bàrìbá ni wọ́n ti ń rà á, nítorí eṣinṣin kan wà nínú igbó tó jẹ́ pé bó bá ti bu ẹṣin jẹ, àìsàn tí yóò kó bá a, ó ṣòro kó tó yè é. Nítorí náà, owó ńlá ni ẹṣin. Owó ńlá sì ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Koríko nìkan ò tó fún ẹṣin tó ń sáré ogun. Ó gbọ́dọ̀ jẹ ọkà bàbà tàbí jéró mọ́ ọn. Ká ní kílò 3 ọkà péré ni ẹṣin kan ń jẹ lójúmọ́. Ẹṣin 1,000 á jẹ kílò 3,000 kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àpò kan bá jẹ́ kílò 100, àpò 30 nìyẹn lójúmọ́, àpò 900 lóṣù kan. Ta ni yóò rù ú? Inú kí ni wọ́n á kó o sí bí òjò bá dé?

Ohun tó bá Ọ̀yọ́ nílẹ̀ Dàhòmì nìyí. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ya wọ Dàhòmì, ìbọn tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ọba Àgájà ò sì gbà wọ́n. Ọ̀yọ́ tún padà wá ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, Àgájà kọ́ ọgbọ́n. Bó bá ti gbọ́ pé Ọ̀yọ́ ń bọ̀, á kó àwọn èèyàn rẹ̀ sá wọ igbó, wọ́n á sì ba oúnjẹ tó wà nílẹ̀ jẹ́ kí àlejò má baà rí nǹkan jẹ. Ẹlẹ́ṣin á gba ìlú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bọ́ ẹṣin? Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí oúnjẹ sì ń tán lọ, Ọ̀yọ́ á di ẹrù, á yí padà sílé. Lóòótọ́, Dàhòmì padà san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́. Àdéhùn 1730 wà níbẹ̀, ti 1748 náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, Ọ̀yọ́ ò lè fi ẹṣin jókòó ti Dàhòmì. Ẹṣin lè gba ìlú láàárọ̀, àká ọkà ni yóò jẹ́ kó sùn níbẹ̀.

Àká tí mo dárúkọ yìí, kì í ṣe ohun àbùkù rárá. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ọ́n, orí òkúta tàbí igi ni wọ́n ń gbé e lé kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà gùn ún, koríko sì ni òrùlé rẹ̀. Rumbu ni àwọn Haúsá ń pe tiwọn. Wọn kì í tètè pa ọkà bàbà kúrò lórí rẹ̀. Bó ṣe wà lórí pòròpórò ni wọ́n ń gé orí rẹ̀ kó sínú àká. Àwọn ìyá wa náà mọ ọgbọ́n tiwọn: wọ́n á so àgbàdo rọ̀ sí àjà lókè ààrò, kí èéfín máa fọwọ́ bà á, torí kòkòrò ò fẹ́ràn èéfín. Agbè tó gbẹ dáadáa ń gba irúgbìn. Ìkòkò amọ̀ ń gba èyí tó kù. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó ń béèrè owó gọbọi.

Ohun kan sì wà tí kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan nígbà náà. Kò sẹ́ni tó ní láti bi àká léèrè pé kí lo ti gbà rí. Ọkà ló gbà lọ́dún tó kọjá, ọkà náà ni yóò gbà lọ́dún yìí.

GARAWA DÉ, ÀGBÁ TẸ̀ LÉ E

Nígbà tí Òyìnbó dé sí Èkó, eré ẹṣin bá wọn dé. Láyé Ọba Dòsùnmú, ní 1859, ilẹ̀ ti wà fún eré ìje ẹṣin l'Ékòó. Ibẹ̀ náà ló wá di Tafawa Balewa Square ní 1972. Ní 1904, ẹgbẹ́ eléré pólò Èkó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó sì di 1912, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ láti Èkó dé Kánò, tó fi jẹ́ pé ọkà òkè ọya lè dé etí ọ̀sà láìsí pé ẹnikẹ́ni rù ú lórí. Inú àpò ìdọ̀họ ni ọkà ń wọ̀ wá. Àpò ìdọ̀họ dára fún ìrìn àjò, kò dára fún ìtọ́jú. Èkúté á dá a lu, ọ̀rinrin á gba ara rẹ̀ wọlé, kòkòrò ò tiẹ̀ ní kan ilẹ̀kùn.

Ibi tí garawa ti rí àyè wọlé nìyẹn. Agolo kẹrosíìnì onígun mẹ́rin, tó ń gba gálọ́ọ̀nù 4. Bí kẹrosíìnì bá ti tán nínú rẹ̀, ta ló máa ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù? Wọ́n fi pọn omi, wọ́n fi wọn gàrí lọ́jà, èyí tó bá jo, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi kan ògiri ilé.

Ẹ̀gbọ́n garawa ni àgbá onírin, èyí tí àwa ń pè ní dúrọ́ọ̀mù. Tẹ́lẹ̀, àgbá onígi ni wọ́n fi ń kó epo pupa wa lọ sílẹ̀ Òyìnbó. Ní 1905, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Henry Wehrhahn gba ìwé àṣẹ fún àgbá onírin kan. Obìnrin ló ni iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà ṣe, ìyẹn Nellie Bly, akọ̀ròyìn tó yí ayé po láàárín ọjọ́ méjìléláàádọ́rin láti 1889 wọ 1890. Àgbá tí a mọ̀ lónìí ń gba gálọ́ọ̀nù 55 ti Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gálọ́ọ̀nù 44. Ogun àgbáyé kejì, láti 1939 sí 1945, ló tú u ká gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Oloibiri ní 1956, àgbá wá di ará ilé wa pátápátá. Ṣójà fi dínà lásìkò ogun abẹ́lé. Àwọn apẹja gé e, wọ́n fi ń yan ẹja. Ní Trinidad, wọ́n lù ú títí ó fi di ohun èlò orin tí gbogbo ayé mọ̀. Àwa fi gbé omi òjò.

Ẹni tó ń sin ẹṣin náà rí i, ó ní Olúwa ṣeun. Èkúté ò lè jẹ irin. Òjò ò lè wọ̀ ọ́ bí ìdérí rẹ̀ bá le. Àgbá kan á gba nǹkan bíi kílò 150 àgbàdo, ìyẹn àpò kan àti ààbọ̀, èyí tí ẹṣin tó ń jẹ kílò 3 lójúmọ́ á fi jẹ ọjọ́ 50. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, àlòkù rẹ̀ ò wọ́n. Kí lèèyàn tún ń wá?

Ọgbọ́n mìíràn tún wà nínú àgbá tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Kòkòrò inú ọkà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Bí ọkà bá gbẹ dáadáa, tí ẹ kún àgbá dé ẹnu, tí ẹ sì dé e pinpin, kòkòrò á mí afẹ́fẹ́ inú ibẹ̀ tán, á sì kú fúnra rẹ̀, láìsí oògùn apakòkòrò kankan. Ní Senegal, níbi tí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri ìgboro títí dòní, àwọn àgbẹ̀ ti fi àgbá onírin tọ́jú ẹ̀wà lọ́nà yìí. Ní Kamẹrúùnù, láti 1987, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí ọgbọ́n kan náà, ó sì di àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, tó wà lọ́jà Nàìjíríà náà báyìí. Iléeṣẹ́ ìjọba wa tó ń ṣèwádìí lórí títọ́jú irè oko, NSPRI, tó ti wà láti 1948 tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ìlọrin, ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àgbá tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ yìí pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ tí mo sọ: bí ọkà bá gbẹ. Bó bá tutù, àgbá tó dé pinpin yẹn náà ni yóò bà á jẹ́.

ẸṢIN Ò LÈ BÌ

Èèyàn tó bá jẹ oúnjẹ tó ti bàjẹ́, á bì í. Ajá á bì í. Ẹṣin ò lè bì. Bí Ọlọ́run ṣe dá ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn rẹ̀ nìyẹn: ohun tó bá ti gbé mì, ó ti gbé e mì nìyẹn. Nítorí náà, aṣiṣe tí màlúù lè jẹ kó sì mú un jẹ, ó lè gba ẹ̀mí ẹṣin.

Ní ìpínlẹ̀ Illinois, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà òtútù 1934 sí 1935, nǹkan bí ẹṣin 5,000 ló kú. Àgbàdo tó ti bu ni wọ́n jẹ. Ẹṣin á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, á máa fi orí gbá ògiri, á máa yí po lójú kan bí ẹni tó mutí, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ṣubú lulẹ̀. Bí wọ́n bá la orí rẹ̀, wọ́n á rí i pé apá kan nínú ọpọlọ rẹ̀ ti di omi. Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe é gan-an. 1988 ni àwọn onímọ̀ nílẹ̀ South Africa tó rí oró náà yọ sọ́tọ̀, tí wọ́n sọ ọ́ ní fumonisin. Olú wẹ́wẹ́ kan tó ń hù lára àgbàdo ló ń mú un jáde. Oró yìí lè ti wà lára àgbàdo láti oko wá, ọ̀rinrin sì ń fún olú náà lágbára sí i. Ẹ lè fọ àgbàdo náà, ẹ lè sá a sóòrùn títí yóò fi funfun padà, oró tó ti wọ inú rẹ̀ ò jáde.

Ẹ rí i pé èyí tó pa ẹṣin ní Illinois kì í ṣe àìrí oúnjẹ. Oúnjẹ wà. Bí oúnjẹ ṣe rí ni kò dára.

KÓKÓ, 1988

Ọdún 1988 yẹn kan náà, ohun mìíràn ṣẹlẹ̀, èyí tó kan àgbá gan-gan. Ìlú èbúté kan wà tó ń jẹ́ Kókó, ní ìpínlẹ̀ Bendel nígbà náà, tó ti di ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Láti 1987 ni ọkọ̀ òkun ti ń já àgbá sílẹ̀ níbẹ̀ láti Ítálì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá. Ẹnì kan fi ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún wọn, owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù ò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ. Ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ló wà nínú àgbá náà, kẹ́míkà olóró tí wọn ò fẹ́ nílé wọn.

Kí ni àwọn ará ìlú rí? Àgbá ni wọ́n rí. Àgbá tó le, tó ní ìdérí, tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Àwọn kan da ohun tó wà nínú rẹ̀ nù, wọ́n gbé àgbá lọ sílé, wọ́n fi ń gbé omi. Ta ló lè bá wọn wí? Nílẹ̀ tí àgbá ti ń wúlò fún gbogbo nǹkan, ta ni yóò rí àgbá ọ̀fẹ́ tí yóò fojú fò ó? Nígbà tí ìròyìn náà bẹ́ jáde ní June 1988, ìjọba Nàìjíríà fárí fún Ítálì, wọ́n ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn. Ọkọ̀ òkun Karin B àti Deep Sea Carrier ló padà wá kó o. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin tó sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọ̀lú di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ àyíká tí wọ́n ń pè ní FEPA sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Kókó ò tíì tán o. Àgbá onírin ti ń fi àyè sílẹ̀ fún àgbá oníke aláwọ̀ búlúù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjà ńlá l'Ékòó tí wọn ò ti ń ta àlòkù rẹ̀. Kò ní dógùn-ún, ó fúyẹ́, ìdérí rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àgbá oníke ò dà bí àká. Èyí tó wà lápá ọ̀tún lè ti gba omi ọsàn tàbí ṣúgà olómi. Èyí tó wà lápá òsì lè ti gba ásíìdì, ọ̀dà tàbí oògùn apakòkòrò. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní, iye kan náà lè jẹ́ owó wọn. Ike sì máa ń fa ohun tó bá wà nínú rẹ̀ mu. Ẹ lè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀meje, ohun tó ti wọ inú ara rẹ̀ ò tán, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jáde sínú ọkà. Ẹṣin tí kò lè bì ni yóò sì jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹṣin, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kó ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí sínú àgbá nílé, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà: bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àgbá, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè pé èló ni. Ẹ bèèrè pé kí ló gbà rí. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ṣì wà, ẹ kà á. Bí ẹ bá rí àmì onígun mẹ́rin tó fi igun kan dúró, tí àwòrán agbárí òkú, iná, tàbí ọwọ́ tí ásíìdì ń jẹ wà nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí àwòrán ife àti fọ́ọ̀kì, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n ṣe ike náà fún oúnjẹ. Síbẹ̀, ẹ ṣì bèèrè ohun tó gbà kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti họ ìwé ara rẹ̀ kúrò, tí olówó rẹ̀ ò sì lè sọ ibi tó ti wá, ẹ máa lọ. Èyí tó wọ́n díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo àgbá fún ohun mímu tàbí oúnjẹ ló rọjú jù ní ìgbẹ̀yìn.

Bí ẹ bá sì ti gbé e délé, ẹ gbé e lé orí pákó, kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán. Ẹ gbé e sí ibòòji, torí àgbá tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án tó ń tutù lóru, omi á máa kán láti abẹ́ ìdérí rẹ̀ sórí ọkà. Kí ẹ tó kó ọkà sínú rẹ̀, ẹ mú ìgò tó gbẹ, ẹ da ọkà díẹ̀ àti iyọ̀ tó gbẹ sínú rẹ̀, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọkà náà ṣì tutù. Ẹ dá a padà sí oòrùn. Bí iyọ̀ ò bá lẹ̀, ẹ lè kó o sínú àgbá. Iyọ̀ àti ìgò, èló ni wọ́n?

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin kọjá níwájú Awùjalẹ̀, gàárì ni gbogbo èèyàn ń wò, aṣọ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń wo bí ẹṣin ṣe ń jó. Kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìnkùlé níbi tí àgbá oúnjẹ rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìnkùlé yẹn ni ẹṣin ti ń rí agbára tó fi ń jó. Dídára ni Ọ̀yọ́ ní ẹṣin. Oúnjẹ ẹṣin ló lé e padà láti Dàhòmì. Ẹni tó bá ní ẹṣin, kó mọ ohun tí àgbá rẹ̀ ti gbà rí.